Àkọsílẹ̀ Kúkúrú nínú Kíláàsì Ìṣirò: Bí A Ṣe Lè Fi Í Wọn Òye Ọmọ àti Ọ̀rọ̀ Ìperí

Ìdáhùn tí ó tọ̀nà kì í ṣe ẹ̀rí pé òye wà. Gbogbo ẹni tí ó ti kọ́ni ní ìṣirò rí ni ó mọ èyí, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a fi ń yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ wò ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa kò fi hàn pé a gbà á gbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ 42 sí iwájú 6 × 7, olùkọ́ máàkì rẹ̀ pé ó gbà á, ó parí. Bóyá ọmọ náà mọ̀ pé ọ̀wọ́ mẹ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ méje, ni a kó jọ; bóyá orin tí wọ́n fi ń ka ìsọdipúpọ̀ lárààárọ̀ ni ó gbé nọ́ńbà náà wá sí i lẹ́nu; bóyá ó sì yọjú wo ìwé ẹni tí ó jókòó tì í. 42 kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò kọ, máàkì kan náà ni wọn yóò sì gbà.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé ni pé kí a máa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àkọsílẹ̀ kúkúrú ṣe nínú kíláàsì ìṣirò, gbólóhùn méjì sí mẹ́rin péré, ní èdè Yorùbá, kí a lè rí ohun tí nọ́ńbà fi pamọ́. Ìdí méjì ni a fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Èkíní jẹ́ ti olùkọ́, tí ó fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú orí ọmọ kí ó tó tẹ̀ síwájú. Èkejì kan àwa tí à ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ìperí, òun ni ó sì mú kí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìmọ̀-ẹ̀dá èdè dá sí ọ̀rọ̀ tí ó jọ pé ti oníṣirò nìkan ni: àkọsílẹ̀ ọmọ tí ó fi hàn pé òye kò sí lè fi hàn, nígbà mìíràn, pé ọ̀rọ̀ tí a fi kọ́ ọmọ náà ni kò dára tó.

Irú àkọsílẹ̀ tí à ń sọ

Kì í ṣe àròkọ ni à ń sọ, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a fẹ́ sọ ìṣirò di lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tàbí ní òpin rẹ̀, lórí ìdajì ojú ìwé. Èrò náà kì í ṣe tuntun. Ní 1977, Janet Emig kọ ọ́ ní Amẹ́ríkà pé ìkọ̀wé fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe ọ̀nà tí a fi ń fi ohun tí a ti kọ́ hàn nìkan. Nígbà tí ó sì fi di 1992, Joan Countryman, tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ́ni ní ìṣirò, ti kọ odidi ìwé lórí bí a ṣe lè lo ìkọ̀wé láti kọ́ ìṣirò. Ohun tí ó kù tí a kò tíì ṣe tó ni kí a wo ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí èdè ìkọ̀wé náà bá jẹ́ Yorùbá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ wa ń lò dípò èyí ni ìbéèrè tí gbogbo wa mọ̀: ‘Ṣé ó yé yín?’ Kíláàsì yóò sì gbè é pé, ‘Ó yé wa!’ Ìbéèrè yìí kò wúlò rárá. Lójú ọmọ tí a kọ́ dáadáa ní ilé, ẹni tí ó bá dáhùn pé kò yé òun ń sọ fún àgbà pé kò ṣàlàyé dáadáa, ó sì tún ń fi ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà lójú ẹgbẹ́. Nítorí náà ọ̀wọ̀ ni ó ń dáhùn, kì í ṣe òye. Ìwé kékeré tí olùkọ́ nìkan yóò kà máa ń tú ọmọ náà sílẹ̀ lọ́wọ́ ìtìjú yìí.

Àwọn ìbéèrè tí ó dára fún irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro í wá. ‘Ọ̀rẹ́ rẹ kò wá sí ilé-ẹ̀kọ́ lónìí. Kọ gbólóhùn mẹ́ta sí i kí ó lè mọ ohun tí a kọ́.’ Tàbí: ‘Dúpẹ́ ní 9 ni ìdáhùn, Àìná ní 16 ni. Ta ni ó tọ̀nà, kí ni ó sì ṣi ẹnì kejì lọ́nà?’ Tàbí kí olùkọ́ béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí rú ọmọ lójú. Èyí tí ó tẹ́ wa lọ́rùn jù ni èyí tí ọmọ kò lè fi nọ́ńbà dáhùn. Fún àpẹẹrẹ, kí a ní kí ó ṣàlàyé orúkọ 45 fún àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá. Ọmọ tí ó ń ka márùndínláàádọ́ta láti kékeré lè má tíì kíyè sí i rí pé a yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta ni, àti pé àádọ́ta fúnra rẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀, ọgọ́ta sì jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́ta. Ìyọkúrò méjì àti ìsọdipúpọ̀ kan ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọmọ sì ń sọ ọ́ lójoojúmọ́.

Àmì ìdọ́gba

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó dà bí ẹni pé ó rọrùn jù. Ní 1999, Karen Falkner, Linda Levi àti Thomas Carpenter tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ní iṣẹ́ yìí: 8 + 4 = □ + 5. Nínú àwọn ọmọ 145 tí wọ́n bi, kò sí ẹyọ kan tí ó kọ 7. 12 tàbí 17 ni gbogbo wọn kọ. Lójú àwọn ọmọ náà, àmì = ń pàṣẹ ni; ó ń sọ pé, ‘mú ìdáhùn wá’.

Kò yẹ kí a fi èyí bú àwọn ọmọ Amẹ́ríkà, nítorí pé èdè tí àwa náà fi ń ka àmì yìí lè mú kí àṣìṣe kan náà rọrùn. Bí olùkọ́ bá ń sọ pé, ‘Mẹ́jọ, fi mẹ́rin kún un, ó di mélòó?’ ó ti sọ àmì náà di di. Di jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe tí ń fi ìyípadà hàn: ohun kan wà, ó ti di ohun mìíràn. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ‘ó di’ tí yóò máa retí pé ohun tí ó wà ní apá ọ̀tún tún ní ìṣirò tirẹ̀ nínú. Dọ́gba yàtọ̀. Ohun méjì ni a fi ń wé ara wọn nígbà tí a bá lò ó, kò sì sí èyí tí ó ṣíwájú èkejì. Bí a bá wá ní kí kíláàsì fi gbólóhùn kan sọ ohun tí àmì yìí ń sọ, ọmọ tí ó bá kọ ọ́ pé, ‘Ó ń sọ fún mi pé kí n kọ ìdáhùn’ ti la ọ̀nà fún olùkọ́ rẹ̀ ju bí yóò ti là á lọ bí ó bá ṣe ogún ìròpọ̀ tí ó sì gba gbogbo rẹ̀.

Ìdá àti pínpín

Ní ti ìdá, ibi tí ọ̀rọ̀ ti le wà nínú bí a ṣe ń so ọ̀rọ̀ pọ̀. Ìdá mẹ́jọ, bí a bá kọ ọ́ ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, jẹ́ ìpín mẹ́jọ, gẹ́gẹ́ bí ilé mẹ́jọ ti jẹ́ ilé mẹ́jọ. Ìdámẹ́jọ, bí a bá so ó pọ̀, jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo nínú ìpín mẹ́jọ. Etí kò lè fi ìyàtọ̀ sí àárín méjèèjì. Ọmọ tí ó bá gbọ́ ìdámẹ́jọ àti ìdámẹ́rin lẹ́nu olùkọ́, tí ó sì ti mọ̀ pé mẹ́jọ ju mẹ́rin lọ, ní ìdí tí ó lágbára láti gbà pé ìdámẹ́jọ ni ó tóbi jù. Bí a bá wá ní kí ó kọ̀wé sí àbúrò rẹ̀ pé nínú ìdámẹ́jọ búrẹ́dì àti ìdámẹ́rin rẹ̀, èwo ni kí ó mú bí ebi bá ń pa á gidigidi, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀, a ó mọ ẹni tí ó ń ka mẹ́jọ àti ẹni tí ó ń rí búrẹ́dì lójú inú rẹ̀. Olùkọ́ ní ohun kan tí ó lè gbára lé níbí: ọmọ tí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ dájú pé ìdámẹ́wàá kì í ṣe ìpín mẹ́wàá. Bí àwọn òbí rẹ̀ bá gba ₦50,000, ₦5,000 ni wọn yóò san.

Pínpín ni ó dùn mọ́ wa jù nínú àwọn ìṣirò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí pé gírámà Yorùbá là á sí méjì fún olùkọ́ tí ó bá fetí sílẹ̀. 12 ÷ 4 lè jẹ́ pé a pín ọsàn méjìlá fún ọmọ mẹ́rin, kí a sì béèrè iye tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó sì lè jẹ́ pé a kó ọsàn méjìlá jọ ní mẹ́rin-mẹ́rin, kí a béèrè iye òkìtì tí yóò jáde. Mẹ́ta ni ìdáhùn méjèèjì, nítorí náà nọ́ńbà kò lè sọ èyí tí ọmọ ń rò. Àpètúnpè inú mẹ́rin-mẹ́rin ni yóò sọ ọ́. Kí olùkọ́ ní kí ọmọ kọ ìtàn kékeré tí 12 ÷ 4 bá mu, kí ó sì wò ó bóyá àpètúnpè wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe eré gírámà lásán. Ọjọ́ tí ọmọ náà bá dé ibi 6 ÷ ½ ni yóò rí ìlò rẹ̀. Bí ‘pín fún’ nìkan ni ó mọ̀, kò sí bí yóò ṣe pín mẹ́fà fún ìdajì ènìyàn. Yóò yí ọ̀rọ̀ náà padà sí ‘pín mẹ́fà sí ìdajì’, yóò sì kọ 3. Gbólóhùn Yorùbá tí ó lò náà sì tọ̀nà, nítorí pé 3 ni ó yẹ kí ẹni tí ó bá pín mẹ́fà sí ìdajì ní lọ́wọ́. Àfi ẹni tí ó bá lè béèrè pé, ‘Ìdajì mélòó ni ó wà nínú mẹ́fà?’ ni yóò rí 12. Ìlànà yíyí ìdá sódì tí a máa ń kọ́ wọn ní àkọ́sórí lè mú 12 náà jáde, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún ọmọ ìdí tí ìdáhùn fi ju ohun tí ó pín lọ.

Ọ̀rọ̀ náà fẹ̀

Àpẹẹrẹ tí ó kàn yìí ni ó mú wa ronú jù lọ lórí iṣẹ́ àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ìperí. Nínú Yorùbá ojoojúmọ́, ohun tí ó ní gígùn máa ń ní fífẹ̀ pẹ̀lú: ẹní gùn tó báyìí, ó fẹ̀ tó báyìí. Ṣùgbọ́n fẹ̀ kan náà ni a fi ń sọ nípa ilẹ̀ tí ààyè inú rẹ̀ pọ̀. Bí àgbẹ̀ bá ní oko òun fẹ̀ ju ti ẹnì kejì lọ, kì í ṣe ìbú rẹ̀ nìkan ni ó ń sọ. Ó wá rọrùn fún olùkọ́, àti fún ẹni tí ń kọ ìwé, láti mú fífẹ̀ kí ó sì fi pe ohun tí a ń rí nígbà tí a bá fi gígùn sọ ìbú di púpọ̀.

Ẹ wo ohun tí ó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ilẹ̀ kan gùn ní mítà 12, ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 4. Ilẹ̀ kejì gùn ní mítà 7, ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 6. Olùkọ́ béèrè pé, ‘Èwo ni ó fẹ̀ jù?’ Bí ó bá jẹ́ ààyè inú ilẹ̀ ni à ń wí, ilẹ̀ kìíní ni, nítorí pé 48 ju 42 lọ. Ọmọ kọ ‘ilẹ̀ kejì’, olùkọ́ fa igi lé e. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ní kí ó fi gbólóhùn kan tì í lẹ́yìn, a lè rí i pé ohun tí ó kọ ni: ‘Ilẹ̀ kejì ni ó fẹ̀ jù, nítorí pé mẹ́fà ju mẹ́rin lọ, èkíní kàn gùn ni.’ Ọmọ yìí kò ṣàṣìṣe kankan nínú èdè Yorùbá. Ó gbọ́ ìbéèrè náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó gbọ́ èdè abínibí rẹ̀ dáadáa yóò ti gbọ́ ọ. Ìbéèrè ni kò dúró dáadáa.

Kí a tún wò ó láti ìhà kejì. Kí a sọ pé ilẹ̀ kejì gùn ní mítà 9 dípò 7. Ààyè inú rẹ̀ di 54, ìdáhùn ‘ilẹ̀ kejì’ sì di èyí tí ó tọ̀nà. Ọmọ kan náà, pẹ̀lú èrò kan náà nípa ìbú, yóò wá gba máàkì rẹ̀ pé. Olùkọ́ yóò sì máa lọ, láìmọ̀ pé ọmọ yìí kò tíì fi ìgbà kankan ronú nípa ààyè inú ilẹ̀. Láti ibẹ̀ ni yóò ti gbé e dé ilé-ẹ̀kọ́ girama, níbi tí ẹlòmíràn yóò ti ní orí rẹ̀ kò gba ìṣirò.

Ohun tí a dámọ̀ràn ni pé kí a fi fífẹ̀ sílẹ̀ fún ìbú nìkan tàbí kí a yẹra fún un pátápátá, kí a sì máa sọ ààyè inú ilẹ̀, tàbí iye èyà onígun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba tí ó lè kún ojú ilẹ̀ náà. Ó gùn, a mọ̀. Ọ̀rọ̀ ìperí tí ó gùn tí ọmọ lóye sàn ju èyí tí ó kúrú tí ó ní ìtumọ̀ méjì nínú gbólóhùn kan náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan kò fara mọ́ èyí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí ó bá wà nílé ni kí a kọ́kọ́ lò. A gbà pẹ̀lú wọn títí dé ibi tí ọ̀rọ̀ ilé bá ti ń ṣe iṣẹ́ méjì nínú ìbéèrè kan ṣoṣo.

Èdè wo ni kí wọ́n fi kọ ọ́?

Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970 lábẹ́ Babs Fafunwa, ti fi hàn wá pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà gbáko, kí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin wọn. Ṣùgbọ́n ìlànà ìjọba kì í dúró sójú kan. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí a fi máa kọ́ni jálẹ̀ ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025 wọ́n fagi lé e, wọ́n ní kí a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. A ní èrò tiwa lórí èyí, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ kúkúrú kò ní láti dúró de ìlànà kankan. Olùkọ́ tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lè yọ ìṣẹ́jú márùn-ún ìkẹyìn sọ́tọ̀ kí ó ní, ‘Ẹ kọ ọ́ fún ìyá àgbà yín ní ilé.’ Bí a bá ní kí ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì kò tíì dá lẹ́nu rẹ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ìdá, ohun tí a ó gbà ni gbólóhùn tí ó há láti ojú pátákó. Kò sí bí a ó ṣe mọ̀ bóyá ìṣirò ni kò yé e tàbí èdè ni kò bá a mu.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn yóò jáde, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a sọ tiwa. Kí olùkọ́ má ṣe máàkì àmì ohùn nínú àkọsílẹ̀ wọ̀nyí, àfi níbi tí igba, nọ́ńbà, bá ti fẹ́ di igbá tàbí ìgbà tí òye sì fẹ́ dàrú. Ọjọ́ tí ọmọ bá ti rí i pé a fi pupa tún àkọtọ́ rẹ̀ ṣe láti òkè dé ilẹ̀, kò tún ní kọ ohun tí ó ń rò mọ́. Ohun tí ó mọ bí a ti ń kọ ni yóò máa kọ. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí a fún un ní máàkì rárá.

Olùkọ́ tí ó ní ọmọ 60 nínú kíláàsì kan yóò béèrè pé ìgbà wo ni òun yóò kà á. Ìbéèrè náà tọ̀nà. Kò ní láti tún un ṣe, kíkà ni. Gbólóhùn méjì kì í gba ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń wá ní àkókò. Kí ó pín ìwé náà sí òkìtì mẹ́ta: àwọn tí ó yé, àwọn tí ó yé díẹ̀, àwọn tí kò yé. Ọmọ mẹ́wàá lè kọ tiwọn lónìí, kí mẹ́wàá mìíràn kọ tiwọn ní ọ̀la. Òkìtì kẹta ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó ṣọ́ra fún jù ni àkọsílẹ̀ tí ó dán jù, tí gbólóhùn rẹ̀ jẹ́ ti olùkọ́ fúnra rẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀ ọmọ kankan nínú rẹ̀. Bí ó bá rí irú rẹ̀, kí ó yí nọ́ńbà padà, kí ó sì tún ìbéèrè náà bi í.

Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀

Iṣẹ́ tí a ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ ìperí kì í ṣe kékeré. Apá kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, jáde ní 1984. Apá kejì, tí Ọládélé Awóbùlúyì jẹ́ olóòtú rẹ̀, jáde ní 1990. Ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n dojú kọ, àwọn tí yóò sì lo àwọn ọ̀rọ̀ náà, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ èdè, wà lára àwọn tí ó jókòó ṣẹ̀dá wọn. Ti ìṣirò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò lo ọ̀rọ̀ ìṣirò jù lọ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò sì sí ìgbìmọ̀ tí yóò pè é sí ìpàdé. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó lè wá ní ipò rẹ̀.

Nítorí náà, kí ọ̀rọ̀ ìṣirò kan tó wọ inú àkójọ wa, a fẹ́ kí a ti lò ó nínú kíláàsì mélòó kan, kí a sì ka ohun tí àwọn ọmọ fi kọ. A fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lò ó nínú gbólóhùn tiwọn tàbí wọ́n yí i ká; bí wọ́n bá yí i ká, ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, nítorí pé èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ lè sàn ju tiwa lọ. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, kí ó da àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ náà kọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ ọ́, pẹ̀lú àṣìṣe àti àdàlù Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀, láìkọ orúkọ ọmọ kankan. Kí ó kọ kíláàsì tí wọ́n wà, ẹ̀ka èdè àdúgbò náà, àti ìbéèrè tí ó bi wọ́n, ní ọ̀rọ̀ gan-an tí ó fi béèrè rẹ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ sì ni a kò lè ka èsì ilẹ̀ méjì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan bí a kò bá mọ̀ bóyá fẹ̀ ni olùkọ́ sọ tàbí tóbi.